Bí Lẹ́búlẹ́bú Irin Ti Ń Di Ohun Èlò

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè bí a ti ń sọ irin di ohun èlò, ìdáhùn méjì ni ó sábà máa ń wá sí wa lẹ́nu. Èkíní ni pé a ń yọ́ ọ nínú iná títí yóò fi ṣàn bí omi, a ó sì dà á sínú mọ́ọ̀dù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń fi idẹ ṣe ère ti ń ṣe. Èkejì ni pé a ń fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n bí ẹyín iná, alágbẹ̀dẹ yóò sì fi ọmọ owú lù ú títí yóò fi rí bí ó ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà, tí a kò sábà gbọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Nínú ọ̀nà yìí, irin tí ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́ ni a ń bù sínú mọ́ọ̀dù. A ń fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́. A sì ń gbé e la iná kọjá, iná tí kò gbóná tó èyí tí ó lè yọ́ ọ. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá jáde, kì í ṣe ìyẹ̀fun mọ́. Ó ti di odidi irin tí a lè kì bọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀nà yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi kan olúkúlùkù ẹni tí ó ní fáànù nínú ilé.

Fáànù ni ó mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ìgbà ìsinmi, a wọ̀ sí ilé ẹ̀gbọ́n wa ní Jakande Estate, ní Ilasan, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹpẹ. Ọ̀kan ni ibẹ̀ jẹ́ nínú àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí a ń pe orúkọ mọ́ Lateef Jakande, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 títí dé 1983, ẹni tí ìjọba rẹ̀ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí ibi púpọ̀. Òkun kò jìnnà sí ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ a máa jẹ irin, ooru a sì máa mú ní òru. Nínú yàrá tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ń sùn sí, fáànù kì í ṣe ohun fàájì. Òun ni ó ń jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè jókòó ti ìwé rẹ̀.

Fáànù onídùúró tí ó wà nínú yàrá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí. Bí a bá tan iná sí i, yóò kùn bí oyin, ṣùgbọ́n kò ní yí, àfi bí a bá fi ìka tì í. A rò pé epo ni ó ń fẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó sì rí. Ṣùgbọ́n òróró tí a fi ń dín àkàrà ni ó wà nítòsí, òun ni a sì kán sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta ó ń yí bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ó dúró gbagidi, òórùn ohun tí ń jóná sì gba yàrá kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, tí kò ju ọmọ oṣù méje lọ, sunkún mọ́jú. Ìyá rẹ̀ fi abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ fẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, ojú sì tì wá.

Ní òwúrọ̀, a gbé fáànù náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ń tún ohun èlò oníná ṣe lábẹ́ àtíbàbà. Ó fi ọwọ́ yí ọ̀pá rẹ̀ wò, ó gbé e súnmọ́ imú, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, epo wo ni ẹ dà sí i?” Nígbà tí a jẹ́wọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú o. Ẹ ti dí i nímú ni. Irin tí ó wà nínú eléyìí a máa mu epo, a sì máa pọ̀ ọ́ padà. Òróró ìdáná kò bá a lára mu.” A rò pé àwàdà ni ó ń ṣe.

Ó tú fáànù náà palẹ̀, ó sì yọ ohun kékeré kan jáde tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní búṣì. Méjì ni ó máa ń wà nínú irú fáànù bẹ́ẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀kùrọ́ kan lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti idẹ. Ihò kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá, inú ihò náà ni ọ̀pá tí ó gbé abẹ̀bẹ̀ fáànù dúró ti ń yí. Ọ̀gá náà mú òmíràn tí ó mọ́ tónítóní, tí ó sì gbẹ, láti inú agolo. Ó fi àtàńpàkò òsì dí ihò rẹ̀ nísàlẹ̀, ó kán epo maṣíìnì sínú rẹ̀ títí ó fi kún, ó sì fi àtàńpàkò ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ láti òkè gbọnyin. A ń wò ó. Kò pẹ́ tí ara irin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán epo wínníwínní yọ lára rẹ̀ yíká, gẹ́gẹ́ bí òógùn ti í yọ ní iwájú orí ẹni tí ń roko. Epo náà ti gba inú ògiri irin kọjá.

Ẹnu yà wá gidigidi. A ti kọ ọ́ sójú pátákó rí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pé irin kì í fa omi mu bí aṣọ tàbí bí ìkòkò amọ̀. Irin wo wá ni èyí? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú bí a ti ṣe é. Kì í ṣe irin tí a yọ́ tí a sì dà. Kì í sì ṣe irin tí a lù. Lẹ́búlẹ́bú tí a tẹ̀ pọ̀, tí a sì fi iná so pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Báwo ni a ti ń rí lẹ́búlẹ́bú irin? Ọ̀nà kan tí ó wọ́pọ̀ ni pé a ń yọ́ irin, a ń jẹ́ kí ó máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ihò kan, a sì ń fi omi tàbí afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde pẹ̀lú agbára ńlá lù ú bí ó ti ń bọ̀. Yóò fọ́n ká wẹ́wẹ́, gẹ́gẹ́ bí alágbàfọ̀ ti í bu omi sẹ́nu tí yóò sì fọ́n ọn sára aṣọ kí ó tó lọ̀ ọ́. Wẹ́wẹ́ wọ̀nyí yóò sì ti le kí wọ́n tó balẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni pé a ń fi èédú àti iná gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kúrò lára òkúta irin láì yọ́ ọ. Irin tí yóò ṣẹ́ kù yóò rí bí kànrìnkàn, tí ó kún fún ihò, a ó sì fọ́ ọ túútúú. Bí a bá ti fi asẹ́ sẹ́ ẹ tán, ọ̀pọ̀ nínú hóró rẹ̀ kò nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà.

Ti búṣì fáànù, bàbà àti tánganran ni a ń pò pọ̀. Tánganran tí a ń wí yìí ni èyí tí a ti ń wà nínú ilẹ̀ ní agbègbè Jos. Nínú ìpín 100, bàbà a máa tó 90, tánganran a sì máa tó 10. A ó fi ohun tí ó dà bí ìda oyin díẹ̀ sí i kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ara mọ́ọ̀dù.

Iṣẹ́ kejì ni títẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rìn ní apá Ilasan àti Lekki, níbi tí ilé kíkọ́ kì í dáwọ́ dúró, yóò ti rí àwọn tí ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Wọn a po iyanrìn pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, wọn a rọ ọ́ sínú mọ́ọ̀dù, wọn a tẹ̀ ẹ́ kí ó kì, wọn a sì yọ ọ́ sórí pákó. Ní ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́, ó ti ní ìrísí búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti lẹ́búlẹ́bú irin. A ń bù ú sínú mọ́ọ̀dù tí a fi irin líle ṣe, a sì ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Ìdí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ ní ìhà méjèèjì ni pé lẹ́búlẹ́bú kò dà bí omi, tí agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní ibì kan yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀. Hóró rẹ̀ ń ha ara wọn, ó sì ń ha ògiri mọ́ọ̀dù. Bí a bá tẹ òkè nìkan, òkè yóò kì, ìsàlẹ̀ yóò sì fúyẹ́.

Agbára tí a ń lò kì í ṣe kékeré. Fún irin dúdú, ó sábà máa ń jẹ́ ìwúwo tọ́ọ̀nù 4 sí 7 lórí ibi tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tí ó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ wo èékánná ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ yín. Kí ẹ wá rò ó bí ẹni pé a to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin lé ara wọn lórí rẹ̀. Ti búṣì kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù láàárín hóró. Síbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo agbára yìí, ohun tí ó jáde láti inú mọ́ọ̀dù ṣì jẹ́ tútù, bí ìkòkò tí a kò tí ì sun. Ó dúró nítorí pé hóró rẹ̀ há sínú ara wọn ni. Bí a bá jẹ́ kí ó bọ́ lulẹ̀, yóò fọ́.

Iṣẹ́ kẹta ni iná, níhìn-ín ni àrà náà wà. Irin dúdú kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé ìwọ̀n 1,538 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n iná tí a ń fi so lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pọ̀ sábà máa ń wà ní ìwọ̀n 1,120 tàbí níbi tí kò jìnnà sí i, fún bí ìdajì wákàtí. Kò sí èyí tí ó yọ́ nínú hóró irin náà, síbẹ̀ wọ́n di ọ̀kan. Báwo ni èyí ti ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ wo ọbẹ̀ tí a bu epo pupa sí. Ẹ̀kán epo kéékèèké a máa léfòó lórí omi rẹ̀. Bí méjì bá ti fara kan ara wọn, wọn a fà mọ́ra, wọn a sì di ẹ̀kán ńlá kan. Ohun kéékèèké tí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní ojú ara púpọ̀ ju odidi kan lọ, ìṣẹ̀dá a sì máa dín ojú ara bẹ́ẹ̀ kù níbi tí àyè bá gbà á. Epo ń ṣe é ní wàràwàrà nítorí pé ó ń ṣàn. Irin kò lè ṣàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná tó, àwọn átọ́ọ̀mù tí ó para pọ̀ di irin náà a máa mì, wọn a sì máa ṣí kúrò ní ipò wọn díẹ̀díẹ̀. Níbi tí hóró méjì bá ti fara kàn, àwọn átọ́ọ̀mù yóò kó jọ sí ojú ibẹ̀, wọn yóò sì mọ ohun tí ó dà bí ọrùn láàárín àwọn méjèèjì. Ọrùn náà yóò máa nípọn sí i, títí a kò fi ní lè sọ mọ́ ibi tí èyí parí sí àti ibi tí èyí bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe inú iná irin nìkan ni a ti lè rí èyí. Ẹni tí ń ta omi tútù mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fọ́ yìnyín sí wẹ́wẹ́ tí ó sì fi í sílẹ̀ nínú fíríìsà fún ọjọ́ púpọ̀, yóò bá a tí wẹ́wẹ́ náà ti so pọ̀ mọ́ ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iná kò lọ rí, tí yìnyín náà kò sì yọ́. Yìnyín súnmọ́ ìwọ̀n ìyọ́ rẹ̀ nínú fíríìsà, gẹ́gẹ́ bí irin ti súnmọ́ tirẹ̀ nínú iná 1,120. Nítorí náà olùkọ́ lè fi yìnyín lásán kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí.

Ewu kan wà tí a ní láti ṣọ́ra fún nínú iná náà. Bí afẹ́fẹ́ lásán bá wọlé, irin yóò pẹtà, ìpẹtà náà yóò sì dúró láàárín hóró bí aṣọ ìkélé, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Nítorí èyí, gáàsì háídírójìn, tàbí èyí tí a pò mọ́ náítírójìn, ni a ń fi kún inú ààrò náà dípò afẹ́fẹ́. A sì gbọ́dọ̀ fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán iṣẹ́ yìí wò nínú ilé. Lẹ́búlẹ́bú irin kan wà tí ó lè gbaná lójijì bí ó bá fò sínú afẹ́fẹ́, eruku wọn kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ti búṣì idẹ tún ní àrà tirẹ̀. Ooru tí ó ju ìwọ̀n 800 lọ díẹ̀ ti tó o, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tánganran, tí í yọ́ ní ìwọ̀n 232, ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Ṣùgbọ́n bàbà, tí kì í yọ́ títí di 1,085, yóò dúró. Tánganran tí ó yọ́ yóò wọ inú ara bàbà lọ, bí omi ọbẹ̀ ti í wọ inú ẹ̀bà, àwọn méjèèjì yóò sì di idẹ. Àyè tí ó wà láàárín hóró kò ní dí tán. Yóò kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún gbogbo ara búṣì náà tí ó jẹ́ kìkì ihò wínníwínní, tí wọ́n sì já sí ara wọn bí ọ̀nà inú ilé ikán. Lẹ́yìn èyí ni a ó fa afẹ́fẹ́ inú àwọn ihò náà jáde, a ó sì jẹ́ kí epo wọlé dípò rẹ̀.

Nísinsìnyí, ohun tí ọ̀gá náà wí yé wa. Nígbà tí fáànù bá ń yí, ọ̀pá rẹ̀ ń mú búṣì gbóná, yíyí rẹ̀ sì ń fa epo jáde láti inú ihò wínníwínní wá sí ojú ibi tí ìhà ti wà. Nígbà tí a bá pa fáànù tí ó sì tutù, àwọn ihò náà yóò tún fa epo wọn padà, gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ti í fa kẹrosíìnì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe ní ọ̀sán àti ní òru fún ọdún púpọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kán epo sí i. Irin náà ń mu, ó sì ń pọ̀. Àwa ni a mú òróró ìdáná wá, tí í dì bí oje igi nígbà tí ooru bá mú un pẹ́, tí a sì fi í dí gbogbo ẹnu ihò wọ̀nyí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò fẹ́ mọ ìgbà tí ọmọ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àìní iná tí ó gbóná tó ni ó bí i. Platinum kì í yọ́ títí di ìwọ̀n 1,768, kò sì sí ààrò tí ó lè ṣe é dáradára ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William Hyde Wollaston, wá ọgbọ́n sí i: ó sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú, ó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó fi iná mú un gbóná, ó sì lù ú títí ó fi di odidi. Ó pa àṣírí náà mọ́ fún ọdún púpọ̀, kò sì tú u títí di 1828, ọdún tí ó kú. Ní Rọ́ṣíà, Sobolevsky ti rí ọ̀nà tí ó jọ ọ́ ní nǹkan bí 1826, wọ́n sì ń fi platinum ṣe owó níbẹ̀ láti 1828 títí dé 1845. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan tungsten, tí ìwọ̀n ìyọ́ rẹ̀ jẹ́ 3,422. Ní Amẹ́ríkà, ní 1909, William Coolidge rí bí a ti lè ti inú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, okùn náà ni ó sì ń tàn nínú gílóòbù àtijọ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ní 1923, Karl Schröter ní Jámánì fi lẹ́búlẹ́bú tungsten tí a pò mọ́ èédú so pọ̀ pẹ̀lú cobalt, ó sì rí ohun kan tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tà á ní orúkọ Widia, èyí tí ó túmọ̀ sí “bí dáyámọ́ǹdì.” Irú ohun bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní ṣóńṣó irin tí àwọn oníṣẹ́ fi ń lu ògiri ilé wa nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ nǹkan sí i. Láàárín àwọn ọdún 1920 wọ̀nyí kan náà ni búṣì tí í mu epo bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa pátápátá. Kí irin òkèèrè tó dé, àwọn baba wa ń sun òkúta irin fúnra wọn. Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí ó rí ní Ola-Igbi, ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú irú ààrò bẹ́ẹ̀, òkúta irin àti èédú ni a ń dà pọ̀. Iná kò gbóná tó èyí tí ó lè yọ́ irin fúnra rẹ̀. Ìdọ̀tí òkúta ni ó ń yọ́, tí ó ń ṣàn jáde, tí ó sì ń di ìdàrọ́. Hóró irin tí ó kù a sì máa so mọ́ ara wọn nínú ooru náà láìyọ́, wọn a di ìṣùpọ̀ kan tí ó kún fún ihò bí kànrìnkàn. Alágbẹ̀dẹ yóò wá mú un gbóná lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò sì fi ọmọ owú lù ú títí ihò yóò fi dí, tí ìdàrọ́ tí ó kù yóò sì jáde. Ooru tí kò yọ́ irin, àti agbára tí ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀: ohun méjì kan náà ni a ti ń sọ láti òwúrọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Wọn kò ní mọ́ọ̀dù irin líle, wọn kò sì ní háídírójìn. Ṣùgbọ́n ọkọ́ àti àdá tí ilẹ̀ wa fi jẹun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, láti inú hóró irin tí kò yọ́ ni wọ́n ti wá.

A kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Ihò tí ó ṣe búṣì lóore lè jẹ́ ìpalára fún ohun mìíràn. Irin tí ó ní ihò kò lè gba ìlù líle bí èyí tí ó kì dáadáa. Nítorí èyí, nígbà tí a bá fẹ́ fi lẹ́búlẹ́bú ṣe ohun tí yóò ru ẹrù wúwo nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀, a tún máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ó ṣì gbóná kí ihò lè dí. Láti àwọn ọdún 1980 ni a ti ń ṣe ọ̀pá tí ó so písítìnì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń yí ní ọ̀nà yìí. A tún lè fi gáàsì gbígbóná tẹ̀ ẹ́ yíká láti gbogbo ìhà. Bákan náà, mọ́ọ̀dù náà wọ́n púpọ̀, kò sì mú èrè wá bí kò ṣe pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun kan náà ni a fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá yẹ, kò ní ẹgbẹ́, nítorí pé ìwọ̀nba tí a bù sínú mọ́ọ̀dù ni a ó bá nínú ohun èlò náà. A kò ní fi ayùn gé e dànù.

Kí ni a wá rí kọ́ fún ilé wa? Bí fáànù onídùúró tàbí ti orí tábìlì bá ń kùn tí kò sì yí, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná mànàmáná. Ẹ má ṣe dá òróró ìdáná sí i. Ẹ má sì ṣe fi gírísì sí i, nítorí ó nípọn ju ẹnu ihò wọnnì lọ, yóò sì dí wọn. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣe fún mọ́tò kéékèèké tàbí fún maṣíìnì ìránṣọ ni kí ẹ kán sí i, ẹ̀kán díẹ̀ péré, sí ara búṣì àti sí ara òwú tí ó yí i ká, nítorí òwú náà ni àpò tí ó ń pa epo mọ́ fún un. Bí epo búburú bá ti dì sínú rẹ̀, oníṣẹ́ lè fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ níbi tí iná kò sí, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó sì rì í sínú epo tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà ha inú ihò rẹ̀. Bí a bá ha á, lẹ́búlẹ́bú yóò bo ẹnu ihò, búṣì náà yóò sì di irin lásán. Bí ihò àárín rẹ̀ bá ti jẹ tí ọ̀pá sì ń mì nínú rẹ̀, kò sí epo tí ó lè wò ó. Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ti fáànù òkè àjà yàtọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn ní bíárìn oníhóró róbótó, èyí tí gírísì bá lára mu.

Ọ̀gá náà pààrọ̀ búṣì méjèèjì fún wa. Owó tí ó gbà kò tó owó oúnjẹ wa fún ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wa ti ń ṣírò owó fáànù tuntun. Nígbà tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, kí ni ó dé tí irin yìí fi ń mu epo? Ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́ kò sọ fún mi.” A kò lè dá a lóhùn ní ọjọ́ náà. Ó mọ ohun tí irin náà ń ṣe, kò mọ ìdí rẹ̀. Àwa tí a ní ìwé lọ́wọ́ kò mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí nìyí tí a fi wádìí ohun tí a kọ síhìn-ín, tí a sì padà lọ sí abẹ́ àtíbàbà náà láti sọ ọ́ fún un kí ìsinmi wa tó parí. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kí ó wá gbọ́.

Ẹ̀yin ará wa nínú iṣẹ́ olùkọ́, ọmọ tí yóò bi wá ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà nínú kíláàsì wa. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ògbólógbòó búṣì kan sínú àpótí, kí a fọ̀ ọ́ mọ́, kí a sì fi epo àti àtàńpàkò ṣe níwájú wọn ohun tí ọ̀gá náà ṣe níwájú wa. Àwa fúnra wa ti pa ọ̀rọ̀ tí a kọ sójú pátákó nígbà náà rẹ́. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni hóró irin tí ó fara mọ́ra, tí ó sì tún fi àyè sílẹ̀ fún epo, ṣe ń gbé fáànù yí ní òru Ilasan kí ọmọ ọwọ́ lè sùn.